Fólúùmù tó ń ṣiṣẹ́ sódì, àti ohun tí dífáídà wá ṣe nínú rédíò

Àbúrò kan kọ̀wé sí mi láti Ìjerò, mo bi í bóyá kí n dá a lóhùn ní gbangba kí àwọn mìíràn lè rí i kà, ó ní kò burú. Ohun tó kọ rèé:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo to aísíì méjì, 555 tó ń lù àti 4017 tó ń kà, sórí breadboard (pákó tí a ń ki wáyà bọ̀ láìlo sọ́dà), bátìrì 9V ni mo fi gbé e. Rẹsístọ̀ 10k àti 68k ni mo lò pẹ̀lú kapasítọ̀ 103. Mo wá fi fólúùmù 100k, rẹsístọ̀ tí a ń fọwọ́ yí, sí ẹsẹ̀ 5 ti 555 kí n lè máa fi fóltéèjì darí fríkúẹ́ńsì. Wàhálà àkọ́kọ́, tí mo bá gbé fóltéèjì sókè, ohùn ń wálẹ̀. Ìkejì, fólúùmù yẹn ò ṣe nǹkan kan gidi àfi tó bá kù díẹ̀ kó dé òpin. Ìkẹta, 4017 ń ka ohun tí mi ò fún un. Olùkọ́ wa sì ní VCO (ọ́sílétọ̀, ìyẹn ohun tó ń lù láìdúró, tí fóltéèjì ń darí) àti dífáídà (èyí tó ń pín fríkúẹ́ńsì) ló wà nínú gbogbo rédíò onínọ́ńbà, èmi ò rí bí eléyìí ṣe kan rédíò rárá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tú u."

Àbúrò mi, o káre. Jẹ́ ká ti ibi ohùn tó ń wálẹ̀ yẹn bẹ̀rẹ̀, torí kò sí ohun tó bàjẹ́ níbẹ̀, 555 ò ṣẹ̀ ẹ́, bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn.

Mú kapasítọ̀ bíi kòròbá. Rẹsístọ̀ ni páìpù tí omi ń gbà wọ inú rẹ̀. 555 ni ọmọ tí o fi sí ìdí kòròbá, o fa ìlà méjì sí i lára, ọ̀kan lókè ọ̀kan nísàlẹ̀, o wá ní kí ọmọ náà máa wò ó, tí omi bá kan ìlà òkè kó ṣí ìdí kòròbá kó máa dà, tó bá wálẹ̀ kan ìlà ìsàlẹ̀ kó dí i padà kó tún máa kún. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iye ìgbà tí èyí ń ṣẹlẹ̀ láàrin sẹ́kọ́ńdù kan la ń pè ní fríkúẹ́ńsì, Hz la fi ń kọ ọ́. Hans Camenzind tó ya aísíì yẹn ní 1971 fi ìlà òkè sí ìdá méjì nínú mẹ́ta bátìrì, ìlà ìsàlẹ̀ sí ìdá kan nínú mẹ́ta, ìyẹn 6V àti 3V lórí bátìrì tìrẹ.

Ẹsẹ̀ 5 wá ni ọwọ́ tó ń gbé ìlà òkè sókè sódò. Ìlà ìsàlẹ̀ ń tẹ̀ lé e, ìdajì rẹ̀ ló máa ń jẹ́ nígbà gbogbo. Nítorí náà tí o bá gbé fóltéèjì ẹsẹ̀ 5 sókè, kòròbá ló tóbi sí i yẹn, páìpù ò sì fẹ̀ sí i, ẹni tó ń pọnmi kún dúrọ́ọ̀mù ò lè yá bí ẹni tó ń pọn kún agolo mílíìkì. Mo fi kalikulétọ̀ ṣírò tìrẹ: tí ẹsẹ̀ 5 bá wà ní 3V, ó yẹ kó máa lọ bíi 1550 Hz, ní 4V bíi 1363, ní 6V tí kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án bíi 988, ní 8V bíi 579. Tìrẹ lè fi díẹ̀ yàtọ̀ torí kapasítọ̀ ọjà kì í fi bẹ́ẹ̀ pé, mi ò sì tíì rí bátìrì 9V tó jẹ́ 9V lẹ́yìn ọjọ́ méjì.

Wo nǹkan kan níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ kì í kíyè sí. Ìgbà tí omi fi ń dànù kì í yí padà rárá, bíi 0.47 ms (ms ni ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún sẹ́kọ́ńdù) ni yálà o wà ní 3V o, o wà ní 8V o, ìdí ni pé láti ìlà òkè dé ìdajì rẹ̀ ló ń dà, ìdajì sì ni ìdajì, kò kan bí òkè ṣe ga tó. Ìgbà tó fi ń kún nìkan ló ń yí, láti 0.17 ms ní 3V lọ dé 1.26 ms ní 8V. Ìyẹn ni pé ìgbà tí ohun tó ń jáde lára 555 rẹ fi wà lókè àti ìgbà tó fi wà nílẹ̀ kò dọ́gba. Fi í sọ́kàn, dífáídà máa tún un ṣe fún wa láìpẹ́.

Fólúùmù ńkọ́? Ẹ̀bi tìrẹ nìyẹn, má bínú. Nínú 555, rẹsístọ̀ mẹ́ta tó jẹ́ 5k 5k ló tò láti bátìrì dé ilẹ̀ (ìyẹn ẹnu bátìrì tó ní àmì −), ẹsẹ̀ 5 sì so mọ́ àárín wọn, àwọn ló ń dì í mú sí 6V. Ìwọ wá fi fólúùmù 100k fà á, àfi bí ìgbà tí ọmọ ọwọ́ ń bá àgbàlagbà fa okùn. Tí o bá yí fólúùmù dé ìdajì, tí o rò pé o ti gbé e lọ sí 4.5V, tí o bá fi mítà sí ẹsẹ̀ 5 gan-an, bíi 5.8V lo máa rí. Kò tíì kúrò nílé. Fi fólúùmù 1k dípò rẹ̀, ìdajì á fún ọ ní bíi 4.6V, o ti ríṣẹ́ ṣe nìyẹn. Fi rẹsístọ̀ 470 ohm sí orí rẹ̀, òmíràn sí ìdí rẹ̀, kó má bàa lọ bá 9V tààrà, torí tí ìlà òkè bá bá bátìrì dọ́gba kòròbá ò ní kún láéláé, ọ́sílétọ̀ á kàn dúró, wàá máa rò pé aísíì ti jóná. (Mo mọ ẹnì kan tó ra 555 mẹ́fà torí ọ̀rọ̀ yìí. Èmi ni.)

Tí o bá wá fẹ́ VCO tó máa ń lọ sókè tí fóltéèjì bá lọ sókè, wá aísíì mìíràn, 4046. Ìyàtọ̀ tó wà láàrin òun àti 555 kò ju pé 555 ń sún ìlà lára kòròbá, 4046 kì í sún ìlà, ẹ̀rọ omi ló ń ṣí. Ẹsẹ̀ 9 ni ọwọ́ ẹ̀rọ omi yẹn, fóltéèjì tó bá wọ ibẹ̀ ló ń sọ bí kọ́rẹ́ǹtì ṣe máa pọ̀ tó, kọ́rẹ́ǹtì tó bá pọ̀ á tètè kún kapasítọ̀. Kapasítọ̀ rẹ̀ wà láàrin ẹsẹ̀ 6 àti ẹsẹ̀ 7, ẹsẹ̀ méjèèjì sì ń gba ara wọn láàyè, tí ọ̀kan bá wà nílẹ̀ wọ́n á máa kún èkejì, tó bá kún wọ́n á yí i padà, bí ọmọ méjì tó ń pín ẹ̀rọ omi kan lò láìjà. Ìdí nìyí tí òkè àti ilẹ̀ rẹ̀ fi máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, tí fríkúẹ́ńsì rẹ̀ náà sì fi máa ń bá fóltéèjì rìn déédéé ju ti 555 lọ. Fún iṣẹ́ gidi, 4046 ni mo fọwọ́ sí, 555 dára fún àti fi kọ́ni àti fún àwọn nǹkan ìṣeré tó ń hu bíi àlámù.

Ó yá, dífáídà. Tí o bá ti wọ mọ́tò láti Ìjerò lọ sí Adó rí, o ti mọ̀ ọ́n. Mọ́tò elérò mẹ́rin wà ní páàkì, èrò kan wọlé kò lọ, ẹnì kejì wọlé kò lọ, ẹnì kẹta, dírẹ́bà ṣì ń jẹ gúgúrú rẹ̀ lọ, àfi ìgbà tí ẹnì kẹrin bá jókòó ló máa tó tan mọ́tò. Èrò 40 á gbé mọ́tò 10 jáde. Dírẹ́bà ò bìkítà bóyá èrò ń sáré wá tàbí wọ́n ń fẹsẹ̀ wọ́, bí wọ́n bá ṣe dé ló máa ń ṣe lọ, àmọ́ mẹ́rin ni mẹ́rin. Dífáídà nìyẹn. Kò mọ fóltéèjì, kò mọ ooru, ó kàn mọ oǹkà ni.

Èyí tó kéré jù ni flip-flop, 4013 ni kó o rà, méjì ló wà nínú rẹ̀. So ẹsẹ̀ 2 rẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ 5, so ẹsẹ̀ 4 àti ẹsẹ̀ 6 mọ́ ilẹ̀, fi ohun tó ń bọ̀ láti ọ́sílétọ̀ sí ẹsẹ̀ 3. Gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ 3 bá gòkè, ẹsẹ̀ 1 á yí ipò padà, tó bá wà lókè á wálẹ̀, tó bá wà nílẹ̀ á gòkè, torí náà ẹ̀ẹ̀mejì ni ọ́sílétọ̀ máa gòkè kí ẹsẹ̀ 1 tó gòkè lẹ́ẹ̀kan. Ìdajì. Wàá tún rí i pé tìrẹ tí kò dọ́gba láti inú 555 ti dọ́gba báyìí, nítorí pé odindi ìyípo kan ló fi wà lókè, odindi ìyípo kan ló fi wà nílẹ̀. Ìdí tí mo ní kó o fi í sọ́kàn nìyẹn.

Tó wọn tẹ̀ léra, á máa di ìdajì ìdajì, 4, 8, 16, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Aísíì 4040 ti to flip-flop 12 sínú ikùn kan, ìyẹn pípín sí 4096. Wọ́ọ̀ṣì ọwọ́ rẹ gan-an, tó bá jẹ́ oníbátìrì, kristáàlì inú rẹ̀ (òkúta kékeré tí iná ń mú gbọ̀n) ń lu 32768 láàrin sẹ́kọ́ńdù kan, wọ́n sì pín in sí méjì lẹ́ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún títí tó fi ku ẹyọ kan, ẹyọ yẹn ló ń sún ọwọ́ sẹ́kọ́ńdù. Ọ̀gáńù oníná àtijọ́ tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì náà, ọ̀pọ̀ wọn ò ní ju ohùn 12 tí wọ́n dá ní òkè pátápátá, gbogbo ohùn tó kù nísàlẹ̀ jẹ́ ìdajì àti ìdajì ìdajì wọn, torí 440 Hz àti 220 Hz, orin kan náà ni, ọ̀kan kàn wà lábẹ́ èkejì bí ohùn bàbá àti ti ọmọ tó jọ ń kọ orin.

4017 tìrẹ mẹ́wàá mẹ́wàá ló ń kà. Ẹsẹ̀ 12 rẹ̀ ni kó o gbé mítà tó ń ka Hz sí, 988 tó wọlé á jáde bíi 98.8. Tí o bá fẹ́ kó pín sí mẹ́fà dípò mẹ́wàá, so ẹsẹ̀ 5 mọ́ ẹsẹ̀ 15, tó bá ti ka dé mẹ́fà á ta ara rẹ̀ padà sí òfo. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ 5 ti 4017 o, má lọ fi ti 555 dàrú mọ́ ọn, mo ti rí ẹni tó ṣe é.

Lórí ọ̀rọ̀ pé ó ń ka ohun tí o kò fún un, ó dá mi lójú pé ẹsẹ̀ 13 àti ẹsẹ̀ 15 wà lófuurufú. Àbí mo parọ́? Àwọn aísíì irú èyí, ẹsẹ̀ tí nǹkan ń gbà wọlé tí a kò so mọ́ nǹkan kan dà bí etí tí ẹnikẹ́ni ò bá sọ̀rọ̀, ariwo ló máa gbọ́. Wáyà iná ilé wà lára ògiri, ó ń rán 50 Hz rẹ̀ sínú afẹ́fẹ́, ara rẹ pàápàá ń gbé e, ìdí nìyẹn tí o bá na ìka sún mọ́ ọn tí àwọn iná kéékèèké (LED) lára 4017 bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Tí iná bá lọ, ó lè dákẹ́ jẹ́ẹ́, kó o wá rò pé o ti tún un ṣe, tí iná bá padà dé, wèrè náà á tún bẹ̀rẹ̀. So ẹsẹ̀ 13 mọ́ ilẹ̀, so ẹsẹ̀ 15 mọ́ ilẹ̀ tí o kò bá lò ó fún nǹkan mìíràn. Lẹ́yìn ìyẹn, gbé kapasítọ̀ 104 sí ẹ̀gbẹ́ aísíì kọ̀ọ̀kan láàrin bátìrì àti ilẹ̀, kó sún mọ́ ọn dáadáa, má jẹ́ kí wáyà rẹ̀ gùn. 555 máa ń gbé kọ́rẹ́ǹtì mì lójijì nígbà tó bá ń yí ipò padà, bátìrì á sẹ́jú, 4017 á sì rí ṣíṣẹ́jú yẹn bí ẹni pé èrò míì ló wọ mọ́tò. Nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́, odindi òru kan ni mo fi pààrọ̀ aísíì lórí irú ọ̀rọ̀ báyìí, ilẹ̀ mọ́, ọ̀gá mi kàn fi wáyà kékeré kan so ẹsẹ̀ 13 mọ́lẹ̀, ó ní kí n lọ gbálẹ̀.

Wàyí o, rédíò. Ibi tó dùn jù rèé, mo sì rò pé olùkọ́ yín sáré kọjá rẹ̀.

Ṣé o mọ gángan? Onílù fi apá fún ọṣán, awọ le, ohùn lọ sókè, ó dẹ̀ ẹ́, ohùn wálẹ̀. VCO nìyẹn, apá onílù ni fóltéèjì. Ohùn tó bá wù ú ló lè fi sọ, àmọ́ tí ooru bá mú awọ tàbí tí òjò rọ̀, apá kan náà ò ní mú ohùn kan náà jáde mọ́. VCO rẹ náà bẹ́ẹ̀, ooru ń yí i, bátìrì tó ń lọ sílẹ̀ ń yí i, ó gbọ́ràn ṣùgbọ́n kò ṣeé fọkàn tán. Kristáàlì ní tirẹ̀ dà bí agogo, ohùn kan ṣoṣo ló ní, bó o lù ú láàárọ̀ bó o lù ú lálẹ́ kò yí padà. Ó ṣeé fọkàn tán ṣùgbọ́n kò gbọ́ràn. Rédíò sì fẹ́ méjèèjì, ó fẹ́ kí ohùn lè lọ síbi tó bá wù ú, kó sì dúró gbọn-in tó bá débẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Ohun tó ń jáde lára VCO, wọ́n á gbà á kọjá nínú dífáídà, wọ́n á wá gbé èyí tó jáde sí ẹ̀gbẹ́ ohùn kristáàlì, ẹnì kan á jókòó sáàrin tó ń fetí sí àwọn méjèèjì. Tí ti VCO bá ń rẹ̀yìn, ẹni yìí á fi kún fóltéèjì, tó bá ń sáré jù á dín in kù, títí àwọn méjèèjì á fi máa rìn ní ẹsẹ̀ kan náà. Òun ni wọ́n ń pè ní PLL (phase-locked loop), òrùka ni, torí ohun tó jáde lára VCO ló ń yí padà wá darí rẹ̀. Èrò náà ti pẹ́, ará Faransé kan tó ń jẹ́ Henri de Bellescize ló kọ ọ́ jáde ní 1932.

Ibi tí ẹnu máa yà ọ́ nìyí, dífáídà tó jẹ́ pé pípín ló ń pín, tí o bá fi sínú òrùka yìí, ìlọ́po ló máa mú jáde. Padà sí páàkì. Ká ní alága páàkì sọ pé mọ́tò kan gbọ́dọ̀ máa jáde ní ìṣẹ́jú kan, kò gba àwáwí. Tó bá jẹ́ mọ́tò elérò mẹ́rin ló wà lórí ìlà, èrò mẹ́rin ló gbọ́dọ̀ máa dé ní ìṣẹ́jú kan. Tí wọ́n bá gbé bọ́ọ̀sì elérò mẹ́rìnlá wá tí alága ò sì yí òfin rẹ̀ padà, èrò mẹ́rìnlá ló di dandan. Alága ni kristáàlì. Èrò ni VCO. Iye ìjókòó ni nọ́ńbà dífáídà, ó kàn yí iye ìjókòó padà ni, èrò ló ń sáré.

Ó yá, gbé Rédíò Èkìtì wá lórí 91.5. Nínú ọ̀pọ̀ rédíò FM, VCO kì í lọ sórí 91.5 gan-an, ó máa ń fi 10.7 MHz ga jù ú lọ, ìyẹn 102.2 MHz. Ká ní rédíò náà ń fi 50 kHz gun àtẹ̀gùn, kristáàlì 7.2 MHz wà nínú rẹ̀, wọ́n pín in sí 144, ó di 50 kHz, alága páàkì nìyẹn. Dífáídà tó wà lẹ́nu VCO á wá máa ka 2044, torí 102.2 MHz tí a pín sí 2044, 50 kHz ni. O tẹ bọ́tìnnì lọ sí 100.5, kọ̀ǹpútà kékeré inú rédíò kàn pa 2044 rẹ́ ni, ó kọ 2224 síbẹ̀, VCO á sáré títí á fi dé 111.2 MHz, á sì dúró síbẹ̀. Kò sí ẹni tó yí nǹkan kan, kò sí okùn, kò sí abẹ́rẹ́ tó ń sáré lórí gíláàsì bíi ti rédíò àwọn bàbá wa. Nọ́ńbà ló yí. VCO ibẹ̀ kì í ṣe oníkòròbá o, wáyà tí wọ́n ká àti kapasítọ̀ ni, wọ́n wá fi irú díódù kan sí i tí wọ́n so lódì, bí fóltéèjì rẹ̀ bá ṣe ń ga ni agbára kapasítọ̀ rẹ̀ ń dín kù, fríkúẹ́ńsì á sì gòkè.

O lè tò ó sórí tábìlì rẹ ní òpin ọ̀sẹ̀ yìí. Mú 4060, aísíì tó ń mú kristáàlì lù tó sì ń pín in, pẹ̀lú kristáàlì 32768 inú wọ́ọ̀ṣì tó ti kú, ẹsẹ̀ 13 rẹ̀ á fún ọ ní 64 Hz. Gbé ìyẹn lọ sí ẹsẹ̀ 14 ti 4046, VCO àti ẹni tó ń fetí sílẹ̀ yẹn jọ wà nínú rẹ̀. Láti ẹsẹ̀ 4 ti 4046 lọ sí ẹsẹ̀ 14 ti 4017, láti ẹsẹ̀ 12 ti 4017 padà sí ẹsẹ̀ 3 ti 4046. Lára 4046 náà, kapasítọ̀ 103 láàrin ẹsẹ̀ 6 àti 7, rẹsístọ̀ 100k láti ẹsẹ̀ 11 lọ sí ilẹ̀, so ẹsẹ̀ 5 mọ́ ilẹ̀, má so ẹsẹ̀ 12 mọ́ nǹkan kan. Rẹsístọ̀ 100k láti ẹsẹ̀ 13 lọ sí ẹsẹ̀ 9, lẹ́yìn náà láti ẹsẹ̀ 9 lọ sí ilẹ̀, 47k tò tẹ̀ lé kapasítọ̀ 1 µF. Má fo 47k yẹn. Tí kò bá sí i, VCO á máa ṣe bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ̀kadà, á yà sọ́tùn-ún jù, á yà sósì jù, kò ní tọ́ bọ̀rọ̀. Tí kapasítọ̀ náà bá sì tóbi jù, á tọ́ lóòótọ́ ṣùgbọ́n wàá jókòó dúró dè é.

Fi mítà tó ń ka Hz sí ẹsẹ̀ 4 ti 4046, 640 Hz ló yẹ kó o rí, mẹ́wàá lọ́nà 64. Wá gbé irin sọ́dà gbígbóná sún mọ́ kapasítọ̀ 103, má jẹ́ kó fara kàn án, ooru rẹ̀ nìkan tó. Kọ́kọ́ ṣe é fún 555 rẹ, wàá rí i tí nọ́ńbà á máa rìn. Lẹ́yìn náà ṣe é fún 4046, 640 ò ní mì, fóltéèjì ẹsẹ̀ 9 ló máa rọra sún dípò rẹ̀. Kọ iye tó sún sílẹ̀, kó o fi ránṣẹ́ sí mi.